Pípààrọ̀ Táńkì Omi Orí Òpó ní Ìlú Kékeré: Àwọn Ìbéèrè Tí Ará Ìlú Máa Ń Béèrè

Àwọn ìbéèrè wọ̀nyí ni ó máa ń jẹyọ nígbàkúùgbà tí ìlú kékeré kan ní ilẹ̀ Yorùbá bá pé jọ láti sọ̀rọ̀ lórí táńkì omi àtijọ́ wọn. A kọ ìdáhùn wọn fún ìgbìmọ̀ omi, ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè ìlú àti gbogbo ẹni tí ọ̀rọ̀ náà kàn.

Kí gan-an ni iṣẹ́ táńkì orí òpó?

Iṣẹ́ méjì ni ó ń ṣe. Èkíní ni pé ó ń tọ́jú omi tí ẹ̀rọ fà nígbà tí iná wà, kí ará ìlú lè rí i lò nígbà tí iná bá lọ. Èkejì, tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í ronú kàn, ni pé gíga rẹ̀ ni ó ń ti omi jáde lẹ́nu ẹ̀rọ ní ilé àti ní ojúde. Omi tí ó ga ní mítà 10 máa ń tẹ omi ìsàlẹ̀ pẹ̀lú agbára tí àwọn ẹnjiníà ń pè ní báà 1. Bí ó bá ga ní mítà 15, agbára náà di báà kan àbọ̀. Ìwúwo omi fúnra rẹ̀ ni ó ń ṣe iṣẹ́ yìí, kò sí ẹ̀rọ kankan níbẹ̀.

Ìdí nìyí tí omi fi lè máa ṣàn lóru tí gbogbo ìlú ṣókùnkùn, tí pọ́ǹpù sì ti dákẹ́. Ìlú tí kò ní táńkì gíga gbọ́dọ̀ máa fi pọ́ǹpù ti omi ní gbogbo ìgbà tí ẹnikẹ́ni bá ṣí ẹ̀rọ, epo díísù tí èyí ń jẹ sì kọjá agbára ìlú kékeré.

Báwo ni a ṣe lè mọ̀ pé táńkì wa ti gbó kọjá àtúnṣe?

Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀. Ẹ wo ibi tí ẹsẹ̀ táńkì ti wọ inú kọnkéré, nítorí ibẹ̀ ni omi òjò máa ń dúró sí, tí koríko sì máa ń bò mọ́lẹ̀. Ẹ ro koríko náà kúrò, kí ẹ sì fi òòlù kékeré kan irin ibẹ̀. Irin tí ó ṣì le yóò dún kooro bí agogo. Èyí tí ó ti dógùn-ún wọnú yóò dún bí ìgbà tí a kan pákó, yóò sì máa ṣí kúrò ní ìpele-ìpele bí èèpo igi. Lẹ́yìn náà, ẹ wo àwọn irin tí ó gbábùú láti ẹsẹ̀ kan sí èkejì, bóyá èyíkéyìí ti já tàbí ti tẹ̀, nítorí àwọn ni ó ń di táńkì mú nígbà tí ìjì ìbẹ̀rẹ̀ òjò bá ń jà.

Òkè ni ibi kejì. Ooru tí ń jáde lára omi máa ń lẹ̀ mọ́ abẹ́ òrùlé táńkì, nítorí náà òrùlé ni ó sábà máa ń kọ́kọ́ jẹ, kódà nígbà tí ara táńkì ṣì dára. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe gun àkàbà àtijọ́ láìso okùn ààbò mọ́ra, kí ó má sì fi ẹsẹ̀ tẹ òrùlé tí kò mọ bí ó ti nípọn tó.

Ẹ tún wo pátákó ìwọ̀n tí ó wà lára táńkì, èyí tí wọ́n kọ nọ́ńbà sí, tí àmì kan so kọ́ lára rẹ̀. Okùn irin ni ó so àmì náà mọ́ ohun tí ó léfòó nínú omi, nítorí náà bí omi bá ń gòkè, ṣe ni àmì yóò máa sọ̀ kalẹ̀. Ọ̀pọ̀ ará ìlú máa ń rò pé táńkì ti gbẹ nígbà tí wọ́n bá rí àmì ní ìsàlẹ̀, bẹ́ẹ̀ ó kún dẹ́nu ni. Bí àmì náà kò bá ti kúrò lójú kan láti ọdún mélòó kan, a jẹ́ pé kò sí ẹni tí ó mọ iye omi tí ó wà lókè láti ìgbà náà.

Ṣé a kò lè jó ibi tí ó ń jò pa, kí a sì tún un kùn?

Ó dọ́wọ́ ibi tí àìsàn náà wà. Bí ó bá jẹ́ oríkèé tí pánẹ́ẹ̀lì kan (ìyẹn awẹ́ irin pẹlẹbẹ tí a tò pọ̀ di táńkì) ti pàdé èkejì ni omi ti ń jò, tí ẹsẹ̀ àti ìpìlẹ̀ ṣì dúró ṣinṣin, a lè tú bóòtù, kí a pààrọ̀ ohun tí a fi dí àárín wọn, kí a ha inú táńkì, kí a sì fi ọ̀dà tí a ṣe fún omi mímu kùn ún. Àtúnṣe gidi ni èyí, owó tí a ná sí i kò ṣòfò.

Ṣùgbọ́n bí ẹsẹ̀ bá ti jẹ, tàbí tí ìpìlẹ̀ bá ti rì ní apá kan, ẹ má fi owó ìlú lé àtúnṣe. Jíjó irin tuntun mọ́ irin tí ó ti fẹ́lẹ́ kì í fún un lágbára. Yàtọ̀ sí èyí, iná wẹ́dà máa ń jó ọ̀dà tí ó wà lẹ́yìn irin náà lápá inú táńkì, ibẹ̀ gan-an ni ìdógùn-ún mìíràn yóò sì ti bẹ̀rẹ̀. Mo ti rí táńkì tí àbùlẹ̀ pọ̀ lára rẹ̀ débi pé a kò mọ èyí tí í ṣe ara rẹ̀ gangan mọ́, síbẹ̀ tí omi ń kán tó-tó-tó láti ìdí rẹ̀ láàárọ̀ lálẹ́.

Báwo ni a ṣe lè mọ iye omi tí táńkì àtijọ́ wa ń gbà, nígbà tí ìwé rẹ̀ ti sọnù?

Bí ó bá jẹ́ táńkì onírin onígun mẹ́rin, irú èyí tí a fi bóòtù so pánẹ́ẹ̀lì rẹ̀ pọ̀, kíkà ni ẹ ó kà á. Pánẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan sábà máa ń jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 4 ní gígùn àti ẹsẹ̀ bàtà 4 ní gíga. Ẹ ka pánẹ́ẹ̀lì tí ó wà ní gígùn, ẹ ka ti fífẹ̀, ẹ ka ti gíga, kí ẹ sọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta di ìlọ́po ara wọn, lẹ́yìn náà kí ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po 1,800. Iye tí ẹ bá rí ni lítà omi tí ó ń gbà. Táńkì tí ó jẹ́ pánẹ́ẹ̀lì 5 ní gígùn, 5 ní fífẹ̀ àti 4 ní gíga ń gba nǹkan bí lítà 180,000.

Lítà omi kan wúwo ní kìlógíráàmù kan. Táńkì tí a sọ yìí, nígbà tí ó bá kún, dà bí ẹni pé a to àpò sìmẹ́ńtì 3,600 jọ sókè, láì tíì ka irin rẹ̀ mọ́ ọn. Kí àwọn tí ń sọ pé ẹsẹ̀ tí ó ti jẹ náà ṣì lè gbé e ronú sí iye yìí.

Báwo ni ó ṣe yẹ kí táńkì tuntun tóbi tó?

Ìlànà ìjọba àpapọ̀ Nàìjíríà lórí omi, tí ó jáde ní ọdún 2000, ka ibi tí ènìyàn 5,000 sí 20,000 ń gbé sí ìlú kékeré, ó sì sọ pé ó kéré tán kí ẹnì kọ̀ọ̀kan rí lítà 60 lò lójúmọ́. Ìlú tí ó ní ènìyàn 8,000 nílò lítà 480,000 lójúmọ́ nípa ìṣirò yìí. Kò pọn dandan kí táńkì gba gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, nítorí bí a ṣe ń lò ó ni a ó máa fà á kún un. Níbi tí iná bá ti ń dúró dáadáa, ìdá kan nínú mẹ́rin, ìyẹn lítà 120,000, lè tó; ṣùgbọ́n níbi tí iná ìjọba kò ti ṣe é gbójú lé, tàbí tí ó jẹ́ iná oòrùn ni a fi ń fa omi, tí pọ́ǹpù kì í ṣiṣẹ́ ju wákàtí mélòó kan lọ lójúmọ́, ó sàn kí a sún mọ́ ìdajì.

Títóbi jù náà léwu. Omi tí ó bá pẹ́ nínú táńkì láìjẹ́ pé a lò ó yóò pàdánù klóríìnì tí a fi sínú rẹ̀, kòkòrò yóò sì rí àyè. Àwọn kan máa ń fẹ́ kí a wọn táńkì sí iye ènìyàn tí ń wá sílé lọ́dún Iléyá, Kérésìmesì tàbí ọdún ìbílẹ̀. Èmi kò fara mọ́ ọn: ní ọ̀sẹ̀ bẹ́ẹ̀, ẹ jẹ́ kí pọ́ǹpù ṣiṣẹ́ pẹ́ sí i.

Bí a bá ti kọ́ táńkì ńlá, ṣé omi ti dé nìyẹn?

Rárá. Èyí ni àṣìṣe tí ó ń dùn mí jù lọ, nítorí owó ńlá ni ó máa ń bá a lọ. Táńkì kì í mú omi wá. Ohun tí a bá fà sínú rẹ̀ ni ó ń tọ́jú. Orí àpáta líle àtijọ́ ni èyí tí ó pọ̀ jù nínú ilẹ̀ Yorùbá wà, omi abẹ́ ilẹ̀ irú ibẹ̀ kò sì pọ̀. Bohóòlù tí ó bá ń mú lítà kan jáde ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, ìyẹn lítà 3,600 ní wákàtí kan, ni a ó kà sí èyí tí ó ṣe déédéé níbẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a ṣírò rẹ̀ fún ìlú tí a fi ṣe àpẹẹrẹ lẹ́ẹ̀kan. Bí pọ́ǹpù irú bohóòlù bẹ́ẹ̀ bá ṣiṣẹ́ fún wákàtí 20 gbáko, lítà 72,000 ni yóò fà. Kí a tó rí lítà 480,000, a nílò bohóòlù méje, iná kò sì gbọ́dọ̀ lọ ju wákàtí mẹ́rin lọ. Nítorí náà, kí a tó fọwọ́ sí ìwé táńkì, kí a kọ́kọ́ dán kànga wò: kí a fa omi rẹ̀ fún wákàtí 24 ó kéré tán, kí a sì máa kọ bí omi ṣe ń lọ sílẹ̀ nínú rẹ̀. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni kí a ṣe é, kí òjò má baà tàn wá jẹ.

Kí ló dé tí a kò kàn ra táńkì rọ́bà bíi mélòó kan?

Fún ilé ìwé, ọjà tàbí ilé ìwòsàn kékeré, kò sí aburú níbẹ̀. Fún odidi ìlú, lítà 240,000 nínú táńkì onílítà 10,000 jẹ́ táńkì 24, ojú ìso páìpù kọ̀ọ̀kan sì jẹ́ ibi tí omi lè ti jò. Irin tí wọ́n sábà máa ń gbé wọn lé kì í ga tó láti ti omi dé òpin ìlú. Ẹ tọ́jú wọn fún àkókò tí iṣẹ́ bá ń lọ lọ́wọ́.

Orí òkè ni ìlú wa wà. Ṣé dandan ni òpó?

Kì í ṣe dandan rárá, inú mi sì máa ń dùn bí mo bá gbọ́ ìbéèrè yìí. Ní àwọn ìlú bíi Ẹ̀fọ̀n-Aláayè, Òkè-Ìmẹ̀sí tàbí Ìdànrè, òkè ti ṣe iṣẹ́ tí òpó ì bá ṣe. Bí ìlú bá ní òkè tí ó fi mítà 15 sí 30 ga ju ilé tí ó wà lókè jù lọ, táńkì tí a tẹ́ sórí ilẹ̀ níbẹ̀ yóò dínwó, yóò rọrùn láti tún ṣe, ìjì kò sì ní rí i gbé ṣubú. Ìnáwó ibẹ̀ ni páìpù tí yóò gun òkè àti ọ̀nà tí ọkọ̀ lè gbà débẹ̀.

Ẹ ṣọ́ra fún ìdàkejì rẹ̀. Bí òkè náà bá ga jù, omi yóò dé ìsàlẹ̀ ìlú pẹ̀lú agbára tí yóò máa fọ́ páìpù, a ó sì nílò fáàfù tí ń dín agbára omi kù lójú ọ̀nà.

Irin, kọnkéré tàbí fáíbà, èwo ni ó dára jù?

Kọnkéré tí a ṣe dáadáa lè lo àádọ́ta ọdún àti jù bẹ́ẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n èyí tí a po yanrìn rẹ̀ jù yóò sán, irin inú rẹ̀ yóò sì wú, kò sì sí bí a ṣe lè tú u palẹ̀ láti tún un ṣe. Fáíbà kì í dógùn-ún, síbẹ̀ oòrùn máa ń sọ ọ́ di gbígbẹ, òpó tí a ó gbé e lé ṣì jẹ́ irin.

Bí a bá fi mí sílẹ̀ láti yàn fún ìlú tí ọ̀nà rẹ̀ kò dára, pánẹ́ẹ̀lì irin tí a fi bóòtù so ni n ó mú. Ọkọ̀ kékeré lè kó o wọlé díẹ̀díẹ̀, àwọn oníṣẹ́ irin wa mọ̀ ọ́n, bí ọ̀kan bá sì bàjẹ́ lẹ́yìn ogún ọdún, ẹyọ kan náà ni a ó pààrọ̀.

Ta ni ó ni táńkì àtijọ́, ta ni ó sì ni ilẹ̀ tí ó wà?

Táńkì ìlú tí ó ní páìpù káàkiri sábà máa ń wà lábẹ́ àjọ omi ìpínlẹ̀. Èyí tí ó wà ní abúlé sábà máa ń wà lábẹ́ àjọ tí ń rí sí omi ìgbèríko, ìjọba ìbílẹ̀ tàbí ìlú fúnra rẹ̀. Ẹ kọ lẹ́tà, ẹ gba èsì tí a kọ sílẹ̀, nítorí ẹni tí ó bá wó ohun ìjọba láìgbàṣẹ yóò rí ìjà ìjọba.

Ti ilẹ̀ ni ó máa ń dá wàhálà sílẹ̀ jù. Bàbá kan ni ó fi ilẹ̀ náà sílẹ̀ nígbà náà, láìsí ìwé, nítorí pé omi ni wọ́n fẹ́ fi ṣe. Lónìí, àwọn ọmọ-ọmọ rẹ̀ lè sọ pé táńkì àtijọ́ ni bàbá àwọn yọ̀ǹda fún, kì í ṣe tuntun. Kí ìgbìmọ̀ lọ bá ìdílé náà pẹ̀lú ọ̀wọ̀ kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, kí baálẹ̀ tàbí kábíyèsí wà níbẹ̀, kí wọ́n ya àwòrán ilẹ̀, kí gbogbo wọn sì fọwọ́ sí ìwé.

Níbo ni owó ti lè wá?

Ìnáwó ìpínlẹ̀ ni ọ̀nà àkọ́kọ́. Lọ́dún 2021, Báǹkì Àgbáyé fọwọ́ sí 700 mílíọ̀nù dọ́là fún ètò omi àti ìmọ́tótó tí a ń pè ní SURWASH ní Nàìjíríà. Nínú àwọn ìpínlẹ̀ méje tí ó kọ́kọ́ wọ inú rẹ̀, Èkìtì ni ó wà ní ìwọ̀-oòrùn gúúsù. Àwọn aṣòfin náà máa ń gbé iṣẹ́ omi wá, ṣùgbọ́n bohóòlù kan àti táńkì rọ́bà kan ni ó sábà máa ń jẹ́. Ẹ bẹ̀ wọ́n kí wọ́n fi owó náà kún iṣẹ́ ńlá dípò kí wọ́n dá kékeré ṣe.

Ẹgbẹ́ ọmọ ìlú tí ó wà ní Èkó, Lọ́ńdọ̀nù àti Amẹ́ríkà máa ń dá owó kíákíá bí wọ́n bá rí ìwé ìṣirò tí ẹnjiníà fọwọ́ sí. Ẹ má fi ọ̀rọ̀ ẹnu nìkan ránṣẹ́ sí wọn.

Omi wo ni a ó máa mu nígbà tí iṣẹ́ bá ń lọ lọ́wọ́?

Omi inú táńkì àtijọ́, bí ó bá ṣì dúró. Ẹ kọ́ tuntun sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ní jíjìnnà tí ó ju gíga àtijọ́ lọ, kí ó má baà wó lù ú. Kò yẹ kí a wó àtijọ́ kí tuntun tó ṣiṣẹ́. Agbaṣẹ́ṣe lè sọ pé oṣù mẹ́ta péré ni iṣẹ́ yóò gbà. Bí owó bá dúró lójú ọ̀nà, àwọn ìyá wa ni yóò padà sí odò, àwọn tí ń ti ọmọlanke omi yóò sì sọ kẹ́ẹ̀gì kan di owó gọbọi.

Ọjọ́ tí a bá fẹ́ so páìpù tuntun mọ́ ti ìlú nìkan ni omi yóò dá pátápátá. Ẹ kéde rẹ̀ ní ọjà, ní mọ́ṣáláṣí àti ní ṣọ́ọ̀ṣì ní ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú.

Ṣé ewu wà nínú ọ̀dà tí a bá ha kúrò lára táńkì àtijọ́?

Ó wà. Ọ̀dà pupa tí wọ́n fi ń kun irin láyé àtijọ́ sábà máa ń ní òjé nínú, òjé sì máa ń ba ọpọlọ ọmọdé jẹ́ láìní àtúnṣe. Kí a má ṣe fi iná jó o, kí a má sì ha á ní gbígbẹ kí eruku rẹ̀ máa fẹ́. Kí a rẹ ẹ́ sí omi kí a tó ha á, kí a tẹ́ tapolín sílẹ̀, kí àwọn òṣìṣẹ́ bo imú, kí a sì lé ọmọdé, ewúrẹ́ àti adìyẹ jìnnà sí ibẹ̀.

Kí ló dé tí ẹ fi ń tẹnu mọ́ òrùlé àti nẹ́ẹ̀tì orí táńkì?

Nítorí ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní Gideon, ìlú kékeré kan ní ìpínlẹ̀ Missouri ní Amẹ́ríkà, tí kò ní ju nǹkan bí ènìyàn 1,100 lọ. Ní ìparí ọdún 1993, ìgbẹ́ gbuuru mú àwọn tí ó ju 600 lọ níbẹ̀, àwọn àgbàlagbà méje tí ń gbé nílé ìtọ́jú arúgbó sì kú. Kòkòrò salmonella ni. Nígbà tí wọ́n wádìí rẹ̀, wọ́n rí i pé ẹyẹ ti ń wọ inú táńkì orí òpó tí òrùlé rẹ̀ kò dí dáadáa, ìgbẹ́ ẹyẹ àti ìyẹ́ sì wà nínú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ wọn kì í fi klóríìnì sí omi wọn. Ní ọdún 2008, salmonella tún jà ní Alamosa, ní Colorado, láti inú táńkì ìlẹ̀ tí ara rẹ̀ ti sán.

Bí ìyẹn bá lè ṣẹlẹ̀ níbẹ̀, ẹyẹlé, àdán àti aláǹgbá ilẹ̀ wa kò ní ṣe ojúsàájú. Kí ìlẹ̀kùn orí táńkì ní ètè tí ó yọ sókè kí omi òjò má baà wọlé, kí ó ní kọ́kọ́rọ́. Kí a fi nẹ́ẹ̀tì tí kì í dógùn-ún bo ẹnu páìpù afẹ́fẹ́ àti ti páìpù tí omi ń gbà dà nù bí ó bá kún.

Kí ni a gbọ́dọ̀ ṣe kí a tó mu omi inú táńkì tuntun?

Kí a fọ̀ ọ́, kí a da omi ìfọ̀ náà nù, lẹ́yìn náà kí a fi klóríìnì pa kòkòrò inú rẹ̀. Bí táńkì bá gba lítà 100,000, tí a sì fẹ́ kí mílígíráàmù klóríìnì 10 wà nínú lítà kọ̀ọ̀kan, klóríìnì kìlógíráàmù 1 ni a nílò. Ẹ̀tù tí a ń tà lọ́jà kì í ṣe klóríìnì nìkan. Bí ó bá jẹ́ onídàá 65 nínú 100, nǹkan bí kìlógíráàmù kan àbọ̀ ni a ó pò, kí a sì fi díẹ̀ lé e nítorí èyí tí irin yóò fà. Kí ó wà níbẹ̀ fún wákàtí 24, kí a tó tú u dànù sí ibi tí kò ní ṣàn lọ sí odò tàbí adágún ẹja.

Lẹ́yìn náà ni kí a kún un ní omi tútù, kí a sì bu díẹ̀ nínú omi náà lọ fún àyẹ̀wò. Ìlànà omi mímu Nàìjíríà kò gba kòkòrò E. coli, èyí tí ń fi hàn pé ìgbẹ́ ti wọ inú omi, láàyè rárá. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe ṣí ẹ̀rọ fún ayẹyẹ kí èsì náà tó dé.

Táńkì tuntun ti ń ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n omi ń pọ́n, páìpù sì ń bẹ́. Kí ló fà á?

Táńkì kọ́ ló fà á. Páìpù àtijọ́ ti mọ́ omi tí kò lágbára lára fún ọ̀pọ̀ ọdún. Agbára tuntun wá ń ṣí ìdógùn-ún inú rẹ̀, ó sì ń bẹ́ ibi tí ó ti fẹ́lẹ́. Ẹ má ṣí fáàfù pátá lọ́jọ́ kan. Ẹ ṣí i díẹ̀díẹ̀, àdúgbò kan tẹ̀lé èkejì, kí ẹ sì jẹ́ kí omi máa ṣàn dànù ní òpin páìpù títí yóò fi mọ́. Bí páìpù yín bá jẹ́ ti asbestos, irú èyí tí ó dà bí sìmẹ́ńtì, ẹ má ṣe fi ayùn gé e ní gbígbẹ, nítorí eruku rẹ̀ máa ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́.

Kí ni kí a rí i dájú pé ó wà nínú ìwé àdéhùn pẹ̀lú agbaṣẹ́ṣe?

Àyẹ̀wò ilẹ̀ ibi tí ìpìlẹ̀ yóò wà, tí a ṣe kí a tó ya àwòrán. Àkàbà tí ó ní ààbò yíká, ohun tí ń gba mànàmáná, pátákó ìwọ̀n tuntun, àti fáàfù ìdí tí a ó fi máa fọ táńkì. Kí wọ́n kún táńkì dẹ́nu fún wákàtí 24 lójú ìgbìmọ̀, kí wọ́n sì wọn ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bóyá èyíkéyìí rì, kí a tó san owó tí ó kù. Kí a dá díẹ̀ dúró nínú owó náà títí òjò ọdún kan yóò fi kọjá lórí rẹ̀.

Kí àwòrán iṣẹ́ náà wà lọ́wọ́ ìlú, ẹ̀dà kan láàfin, ẹ̀dà kan lọ́dọ̀ akọ̀wé ìgbìmọ̀. Àìsí ìwé ni ó jẹ́ kí a máa ka pánẹ́ẹ̀lì lónìí.

Ta ni yóò máa tọ́jú rẹ̀, owó wo ni a ó sì fi ṣe é?

Ẹnì kan pàtó tí a ń sanwó fún, tí kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀, tí ó sì ń kọ iye wákàtí tí pọ́ǹpù fi ṣiṣẹ́ sínú ìwé lójoojúmọ́. Kí a máa fọ táńkì lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, kí ẹnjiníà máa gùn ún wò ní ọdún mẹ́ta mẹ́ta, kí a sì máa tún un kùn kí ìdógùn-ún tó hàn síta.

Omi tí a kò san kọ́bọ̀ lé lórí kì í pẹ́ gbẹ. Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yìí kì í dùn létí, pàápàá níbi tí òṣèlú ti ṣèlérí omi ọ̀fẹ́. Ṣùgbọ́n ará ìlú kan náà ń ra omi lọ́wọ́ ọlọ́mọlanke ní owó tí ó pọ̀ ju èyí tí ìgbìmọ̀ yóò gbà lọ. Ẹ bu owó náà síbi tí aláìní lè san, kí ẹ fi sí báǹkì ní orúkọ ènìyàn mẹ́ta, ẹ rí i pé obìnrin wà nínú wọn nítorí àwọn ni ó ń pọn omi, kí ẹ sì máa ka ìṣirò rẹ̀ sétí ìlú ní oṣù mẹ́ta mẹ́ta.

Ṣé kí a wó táńkì àtijọ́, tàbí kí a fi í sílẹ̀ fún ìrántí?

Mo mọ bí ó ti rí lára. Òun ni à ń kọ́kọ́ rí bí a bá ń bọ̀ láti ìrìnàjò, àdúgbò mìíràn sì ti ń jẹ́ Ìdí Táńkì láti ọdún tó ti pẹ́. Síbẹ̀, irin tí ó ti jẹ kò ní yan ọjọ́ tí yóò wó, ọmọdé sì máa ń ṣeré lábẹ́ rẹ̀. Bí ẹnjiníà kò bá lè fọwọ́ sí ìwé pé yóò dúró, kí a wó o láàárín ọdún kan tí tuntun bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.

Kí a tú u láti òkè wá sílẹ̀, pánẹ́ẹ̀lì kan tẹ̀lé òmíràn, pẹ̀lú kírénì. Ẹ má fi fún àwọn tí ń ra irin àlòkù kí wọ́n wá gé e lẹ́sẹ̀. Pánẹ́ẹ̀lì tí ó bá ṣì dára wúlò fún táńkì ìlẹ̀ lóko. Èyí tó kù, kí a tà á ní gbangba, kí owó rẹ̀ sì wọ àpò ìtọ́jú táńkì tuntun.